Ebè Tí Ìjàpá Kọ Fún Fóònù

Àlọ́ rè é o, ẹ̀yin ọmọ!

Kó máa bọ̀, etí wa ti ṣí sílẹ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó di gìrì. Ó fo pápá, ó fo odò, ó fo oko àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gidi, kò bà lé ọ̀kankan nínú wọn. Ó wá já lulẹ̀ gbì lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àgbẹ̀ ńlá orí ayélujára.

Ẹni tó bá ti wo ẹ̀yìn alábahun dáadáa rí, tó rí i bó ṣe rí gúlúgúlú, tó tò ní ẹsẹẹsẹ bí ẹni pé wọ́n dá oko sí i lára, kó pa ẹnu mọ́ ná. Ìdáhùn wà ńbẹ̀, a ó dé ibẹ̀. Kí ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ náà. Mo rí ọ.

Àáró ni wọ́n fi ń ṣe oko nílùú àwọn ẹranko. Bó o bá bá mi kọ ebè lónìí, èmi náà gbọ́dọ̀ gbé ọkọ́ wá sóko rẹ lọ́jọ́ tó bá kàn ọ́. Kò sówó ńbẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ ńbẹ̀. Òógùn ni wọ́n fi ń san òógùn. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án padà, kó yáa máa kó ẹrù rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí yóò kí i nílùú náà mọ́.

Ilé mẹ́rin ló wà nínú àáró tí mò ń sọ yìí. Bàbá Ọ̀yà ni olórí wọn, àgbàlagbà tí kò lẹ́rìn-ín lójú, tó jẹ́ pé bó bá ti ní "hẹ̀n", ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Òkété tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ ilẹ̀ gbẹ́ ju bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ìyá Ẹtu wà ńbẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kékeré máa ń dùn ún wọra. Ìkẹrin ni Ìjàpá. Wọ́n ní oko Òkété làwọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lọ sí ti Ìyá Ẹtu, kí wọ́n lọ sí ti Bàbá Ọ̀yà, kí wọ́n wá fi ti Ìjàpá kádìí rẹ̀ nílẹ̀. Kí ló dé tí Ìjàpá fi kẹ́yìn? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, ta ni yóò tún fojú kàn án?

Ètò náà kò bá Yánníbo lára mu rárá. Èbù iṣu tí ìyá rẹ̀ kó lé e lọ́wọ́ kí ó tó kú wà ní igun ilé, ó ti ń yọ ojú. Irú iṣu náà kò sí lóko ẹlòmíràn nílùú yẹn. Bó bá rà, ó tán nìyẹn, àwọn ọmọ kò sì ní rí nǹkan jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú ebè kí òjò tó wọlé dáadáa. Ojoojúmọ́ ni Yánníbo ń ṣí ewé orí rẹ̀ wò, bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Àsìkò yìí gan-an ni Ìjàpá ti ìrìn àjò kan dé pẹ̀lú fóònù. Ibi tó ti rí i, ẹ má bi mí. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń fi ìka fà á sókè, ó ń fà á sódò. Ohun tó rí yà á lẹ́nu. Àwọn ẹranko ìlú òkèèrè ni, tí wọ́n ń jí ní kùtùkùtù, tí wọ́n ń bu omi gbígbóná sínú ife funfun, tí wọ́n ń tẹ́ ibùsùn títí kò fi ní ìwúnjọ kankan, tí wọ́n ń to kálámù sórí tábìlì bí ẹni to ẹja sáwo. Wọ́n á wá ní, "Ẹ wo bí mo ṣe ń lo ọjọ́ mi." Kálámù náà kò kọ nǹkan kan o. Títò ni wọ́n tò ó. Àìmọye èèyàn yóò sì máa tẹ ọkàn pupa sí i.

Ìjàpá lu itan pàá. "Ṣé ohun tí wọ́n ń pè níṣẹ́ nìyí? Ohun tí mo ti ń ṣe láti kékeré, tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀lẹ!"

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀, Yánníbo gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ dìde. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé oko ló ń lọ. Ìjàpá fi fóònù ti ògiri, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ló bá padà sórí ẹní, ó fi aṣọ bora.

"Olówó orí mi, ẹ tún fẹ́ sùn ni?"

"Ta ló fẹ́ sùn? Mo fẹ́ jí ni. Yẹra níwájú fóònù."

Ó sì jí. Ó nara, ó rẹ́rìn-ín sí oòrùn tí kò tíì yọ. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó padà dùbúlẹ̀, ó tún jí. Jíjí náà ló ń jí títí oúnjẹ òwúrọ̀ fi jinná, ló bá ní ó ti rẹ òun, kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá.

Àmọ́ n kò ní purọ́ mọ́ ọn: fídíò náà dára. Nígbà tó fi han Yánníbo, obìnrin náà wò ó, ó tún un wò. Ìrì wà lórí koríko. Ojú ìgbálẹ̀ hàn lágbàálá bí ìlà ara aṣọ. Ọkọ́ fara ti ògiri, fìlà tuntun kọ́ sórí rẹ̀, èéfín ìdáná ń lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣé ilé tiwa nìyí? Ayọ̀ gbà á lọ́kàn. Ó rí i bí ẹni pé ebi kò lè wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé òun lòun gbá àgbàlá náà, òun lòun dá iná, ọkọ́ tó fara ti ògiri yẹn sì ni tòun. Ti ọkọ rẹ̀ ti dípẹtà lẹ́yìn ilé.

Ọjọ́ àáró pé. Wọ́n pàdé lóko Òkété. Bàbá Ọ̀yà pín ìlà fún oníkálukú. Ìjàpá gún igi ẹlẹ́ka méjì kan sí iwájú ìlà tirẹ̀, ó gbé fóònù lé e. Ó bu omi wọ́n iwájú orí, ó ní òógùn ni. Ó wá gbé ọkọ́ sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò sọ ọ́ kalẹ̀, ó bú sórin:

Ẹ wá wo Alábahun lóko,
*Ó ń dán, ó ń dán!*
Ọwọ́ mi kò mọ ìsinmi,
*Ó ń dán, ó ń dán!*
Ilẹ̀ gan-an ló ń bẹ̀ mí,
*Ó ń dán, ó ń dán!*
Ẹ tẹ ọkàn pupa sí i,
*Ó ń dán, ó ń dán!*

"Ìjàpá," Bàbá Ọ̀yà ní, "ọkọ́ yẹn kò ní balẹ̀ lónìí ni?"

"Bàbá wa, ẹ fara balẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kì í pẹ́."

"Koríko náà kì í pẹ́ kó tó hù. Kọ ebè!"

"Mò ń bọ̀, mò ń bọ̀. Òkété, àbúrò mi, sún sẹ́yìn díẹ̀, òógùn rẹ ti pọ̀ jù, ó ń ba fọ́tò mi jẹ́."

Ojú ti Yánníbo. Oúnjẹ ló gbé wá fún wọn, kò wá kọ ebè. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ìlà ọkọ òun nìkan ló ṣófo, ó sọ igbá kalẹ̀, ó wọ́ aṣọ mọ́dìí, ó bọ́ sẹ́yìn Ìjàpá, ó sì kọ ìlà náà tán. Báyìí ló ṣe lóko Ìyá Ẹtu. Báyìí ló ṣe lóko Bàbá Ọ̀yà. Ìjàpá wà níwájú, ó ń dán. Yánníbo wà lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́, torí pé ìlà Ìjàpá ni gbogbo wọn ń pè é.

Òkìkí Ìjàpá kàn, débi pé àwọn ará ìlú náà wá fóònù tiwọn láti máa wò ó. Àwọn tí kò fọwọ́ kan ilẹ̀ rí láyé wọn wá ń pè é ní ọ̀gá àgbẹ̀. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń jí. Títí ẹnì kan fi béèrè pé, "Ọ̀gá, oko tiyín ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká rí i."

Họ́wù! Oko Ìjàpá? Igbó ni. Koríko ibẹ̀ ga ju ẹni tó ni ín lọ. Bó bá fẹ́ ya fọ́tò ibẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ fi àdá ṣán an, àdá sì máa ń dá èèyàn lápá. Ó ronú, ó ronú. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló rí tí koríko kò sí lórí rẹ̀: ẹ̀yìn ara rẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yìn Ìjàpá ń dán bọ̀rọ́ bí igbá tuntun.

Ó lọ sétí odò, ó bu amọ̀. Ó pò ó mọ́ oje igi kó lè máa kọ mànà. Ó ṣù ú ní kékeré kékeré, ó tò ó sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́, ó wá fi ẹ̀yìn lé e. Amọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí yóò ṣe wá yí padà dìde di ìjàngbọ̀n. Ó ju apá, ó ju ẹsẹ̀, ó fi orí ti ilẹ̀. Agbára tó lò níbẹ̀, bó bá fi ṣán oko, ì bá ti ṣán an tán kó sì tún ṣán ti aládùúgbò mọ́ ọn. Nígbà tó yí padà tán, ó wọ́ lọ sínú igbó oko rẹ̀, ó na ara síbi tí oòrùn ti yọjú, ó sún fóònù mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ tímọ́tímọ́.

Ẹ wá wo oko! Ebè kún ojú fóònù lọ rẹrẹẹrẹ, bí ẹni pé kò lópin. Ìlà kò wọ́. Poro àárín wọn mọ́ bí ọ̀nà ààfin. Ìjàpá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi nìkan ni mo dá a kọ. N kò bẹ ẹnikẹ́ni."

Ìyá Ẹtu rí i, ó wo ebè tirẹ̀ tó wọ́ díẹ̀, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbin nǹkan kan mọ́. Ó ń fi ọwọ́ tútù ra ebè lára, ó ń dán an, ó ń wò ó, ó ń tún un dán. Èbù tirẹ̀ wà nílẹ̀ ń wò ó.

Yánníbo náà rí i nínú fóònù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọkọ òun ti kọ ebè! Ó ṣí ewé, ó kó èbù ìyá rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé e rù, ó di oko. Ó dé oko, koríko ló pàdé rẹ̀. Ó rò pé òun ṣìnà. Ó pe, "Olówó orí mi! Níbo lẹ wà?"

Ohùn kan jáde lábẹ́ koríko. "Yẹra, jọ̀ọ́! Òjìji rẹ ti bo oko mi!"

Yánníbo wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló dojú délẹ̀ gbalaja, oko lẹ́yìn rẹ̀, fóònù lórí igi, ó tún ń ya òmíràn.

Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"Ibo ni mo fẹ́ gbin èbù mi sí báyìí?" ló sọ. "Sí agbedeméjì ẹ̀yìn yín, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn?"

"Ìwọ náà! Ojú ni mo kọ èyí fún. Ṣé ọ̀la kọ́ ni àáró kàn wá? Wọn yóò wá kọ èyí tó jẹ́ ti ẹnu."

"Ẹ sọ fún gbogbo ayé pé ẹ ti kọ ọ́ tán."

"Ta ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò?"

Ìjàpá fẹ́ fọ amọ̀ náà kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Oòrùn ti sun ún, oje ti dì í. Yánníbo fi kànìnkàn ha á, ó fi òkúta ha á. Òkúta ló fọ́. Amọ̀ kò mira.

Ilẹ̀ mọ́. Ìjàpá gbé agbádá wọ̀ láti fi bo ẹ̀yìn, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí àáró. Yánníbo ti se oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Oòrùn yọ, kò sẹ́ni tó wá. Oòrùn gun orí igi, kò sẹ́ni. Ìjàpá gbéra, Yánníbo tẹ̀ lé e, wọ́n bá àwọn yòókù níwájú ilé Bàbá Ọ̀yà, tí wọ́n ń pọ́n ọkọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò rántí pé òní ni tiwa?"

"Ti ta ni?" Bàbá Ọ̀yà kò gbójú sókè. "Gbogbo wa rí oko rẹ. O ní ìwọ nìkan lo dá a kọ. A kí ọ kú iṣẹ́. Oko Òkété la tún ń padà lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń ka ebè yín títí mo fi sùn lọ," Òkété sọ. "Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wá ràn wá lọ́wọ́!"

Ìjàpá fa etí agbádá mọ́ra. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ebè náà wà, kí n má purọ́. Òjò ló wó o."

"Òjò wo? Òjò kò tíì rọ̀."

"Ṣé mo ní òjò ni? Olè. Olè ló kó o."

Òkété sọ ọkọ́ sílẹ̀. "Olè kó ebè? Ẹ̀gbọ́n, inú kí ló dì í sí? Inú àpò?"

"Hẹ̀n," Bàbá Ọ̀yà dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibi tí olè ti wá."

Wọ́n dé oko. Koríko dúró ṣánṣán, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rí. Ìyá Ẹtu yọ fóònù tirẹ̀, ó gbé fọ́tò náà sókè, ó wo koríko, ó wo fọ́tò.

"Níbo ni wọ́n ti ya èyí? Ìjàpá, mo ti sunkún nítorí oko yìí. Mo ti pa gbígbìn tì. Níbo ló wà?"

Ìjàpá ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Èyí kì í ṣe omi tí ẹnikẹ́ni wọ́n sí i.

Yánníbo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó rántí agbọ̀n èbù, bí èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́wọ́ òun láàárọ̀ yìí. Bí òun bá bo ọkọ òun láṣìírí, wọn yóò padà sílé, èbù yóò rà. Ó nawọ́ mú etí agbádá, ó sì bọ́ ọ kúrò lọ́rùn Ìjàpá lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má wá a mọ́. Òun rè é."

Òkété sún mọ́ ẹ̀yìn Ìjàpá, ó sún fóònù mọ́ ọn, ó wò ó. Ló bá ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbirigbiri, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Bàbá Ọ̀yà tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo nínú iná. Ìyá Ẹtu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka, ó kan ebè kan lẹ́yìn Ìjàpá.

"Àní nítorí èyí," ló wí. "Nítorí èyí!"

"Ó dáa," Bàbá Ọ̀yà nu ojú. "Àáró wà fún ẹni tí kò ní ebè. Ìjàpá ní ebè, ó gbé e pọ̀n. Ó ti parí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n kẹ̀yìn sí oko. Ọkàn Yánníbo já. Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ dúró! Ta ló jẹ yín ní àáró, ta lẹ sì jẹ?"

"Kí lo ń sọ, ìyàwó wa?"

"Ẹ wá wo fídíò tí a yà lóko Òkété. Ẹ má wo iwájú. Gbogbo yín ti wo iwájú tó. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Wọ́n kóra jọ sórí fóònù. Ìjàpá ń kọrin níwájú, ọkọ́ wà lókè. Lẹ́yìn rẹ̀, kékeré báyìí, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ebè ń dìde lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wo ti oko Ìyá Ẹtu: obìnrin náà ni. Wọ́n wo ti oko Bàbá Ọ̀yà: obìnrin náà ni, aṣọ kan náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ìyá wa nìyẹn," Òkété sọ. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Mo dúró nítòsí wọn o, mi ò rí wọn. Fóònù ni mò ń wò."

Bàbá Ọ̀yà da fóònù padà fún Yánníbo. Ó wá ní, "Hẹ̀n. Yánníbo, a jẹ ọ́. Níbo lo fẹ́ kí ebè ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣán igbó náà. Wọ́n kọ ebè. Òmíràn ga, òmíràn kúrú. Ìlà Ìyá Ẹtu wọ́ bí ejò tó mutí, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ọ́ lọ. Yánníbo ń tẹ̀ lé wọn, ó ń ti èbù ìyá rẹ̀ bọ ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bò ó. Òkété wá dá orin sílẹ̀, gbogbo wọn gbè é:

Alábahun, oko rẹ dà?
*Ó ń dán, ó ń dán!*
Ó gbé e pọ̀n bí ọmọ,
*Ó ń dán, ó ń dán!*
Iṣu wo ló ta síbẹ̀?
*Ó ń dán, ó ń dán!*

"Yánníbo," Ìjàpá sún mọ́ ọn wọ́ọ́rọ́wọ́, "fún mi ní fóònù. Ìmọ́lẹ̀ yìí dára gan-an."

"Ẹ gba ọkọ́," Yánníbo dá a lóhùn. "Òun náà ń dán bí a bá lò ó."

Iṣu Yánníbo ta lọ́dún náà. Òun ló wa á, òun ló sè é, òun ló ń bù ú. Bí Ìjàpá bá fẹ́ jẹ, á jókòó lẹ́bàá ìdáná bí àlejò, á máa retí kí wọ́n ké sí òun.

Àwọn tó ń yìn ín lórí ayélujára ńkọ́? Wọ́n ti rí ẹlòmíràn tó jí rẹwà ju tirẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí, ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ̀yìn ìjàpá fi rí gúlúgúlú bí oko, tí ebè àti poro wà lórí rẹ̀, tó tò gẹ́gẹ́, tí nǹkan kan kò sì hù níbẹ̀ dòní. Ìdí nìyí pẹ̀lú tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ti sún mọ́ ọn, tó bẹ̀rẹ̀ láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, á yára fa orí wọlé. Ó rò pé o fẹ́ béèrè iṣu ni.

Àlọ́ mi sinmi síbẹ̀. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí iná má ràn lábẹ́ ìkòkò mi lọ́la. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dún pọ̀ọ̀!

Pọ̀ọ̀!

Ó dún. Ẹ dìde, ẹ lọ fọ abọ́. Kí ẹnikẹ́ni má yà á ní fọ́tò.